TA NI Ó NI Ọ̀NÀ IFẸ̀ SÍ ÌBÀDÀN?

Ẹ̀yin ará wa, àwọn kan ń sọ ọ́ kiri pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó mọ bí a ti í ṣọ́ títì, àti pé ìpínlẹ̀ tí ó bá dáwọ́ lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣejù ni ó ń ṣe. Àwa ará Ìlódè kò lè gbọ́ èyí kí a pa ẹnu mọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín ni àwọn tí ó kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní iṣẹ́ náà ti dìde.

Ní 1974 ìjọba ológun dá àjọ kan sílẹ̀ fún ààbò ojú pópó ní gbogbo Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ikú kò kúrò lórí ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn. Ó ń pa akẹ́kọ̀ọ́, ó ń pa olùkọ́ yunifásítì, ó ń pa àgbẹ̀ tí ó jókòó lórí ẹrù kòkó rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, kò jókòó ti ìwé rẹ̀ kí ó máa ka òkú. Ní 1977, nígbà tí Ifẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ọ̀gágun David Jemibewon sì jẹ́ gómìnà, a dá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, Ṣóyínká sì ni aṣáájú rẹ̀. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe ṣọ́jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè rẹ́rìn-ín pé kí ni òǹkọ̀wé eré ń wá lójú títì. Ẹni tí ó bá mọ Ògún kò níí béèrè, nítorí ẹni tí ó ni irin náà ni ó ni ọ̀nà.

Ṣọ́jà ni ó fi ọwọ́ sí i. Nígbà tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà ní 1979, ẹgbẹ́ náà wà síbẹ̀. Ní 1983 ìjọba àpapọ̀ tú u ká.

Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó ṣẹ̀? Ẹ má tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa gbọ́. Ẹ ka ìtàn tí àjọ ìjọba àpapọ̀ kọ nípa ara rẹ̀: ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé ẹgbẹ́ Ọ̀yọ́ mú àtúnṣe pàtàkì bá ààbò ọ̀nà àti ìwà awakọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, ó sì jẹ́wọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó tú u ká. Ẹ̀rí wo ni a tún ń wá?

Ẹ sì wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba Babangida fi òfin kẹ́tàdínláàádọ́ta ó dín méjì, èyíinì ni Òfin 45, dá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti àpapọ̀ sílẹ̀. Ta ni wọ́n fi ṣe alága? Ṣóyínká kan náà, tí ó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ta ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ ojoojúmọ́? Olú Agúnlóyè, olùkọ́ ní Ifẹ̀ kan náà. Ohun tí wọ́n jù sí ààtàn ni wọ́n padà lọ ṣà. Ọdún márùn-ún ni ó wà láàárín; ta ni yóò san gbèsè àwọn tí ó kú nínú ọdún márùn-ún náà?

Àwọn kan bá Ṣóyínká wí pé ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ológun. Àwa kò fẹ́ràn ìjọba ìbọn, òun náà kò sì ní ìdí láti fẹ́ràn rẹ̀: láti 1967 títí di 1969 ni wọ́n fi í sí àtìmọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹni tí táyà bẹ́ mọ́ lójú ọ̀nà kò lè dúró de ìbò kí a tó yọ ọ́ lábẹ́ ọkọ̀. Ní ti èyí, a gbè é lẹ́yìn.

Wọn yóò ní ìwé òfin 1999 ti fi ìrìnnà lórí títì ìjọba àpapọ̀ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀. Ènìyàn ni ó kọ ọ́, ènìyàn sì lè tún un kọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé, a kì í gbé òkú lọ sí Àbújá. Agbo ilé wa ni a ń gbé e wá.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, a kò fi yín sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ni ẹ ń yá ọkọ̀ láti Ifẹ̀tẹ̀dó, ẹ̀yin kan náà ni ẹ sì ń kígbe sí dẹ́rẹ́bà pé kí ó sáré kí ọjà má baà tú. Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Láti 1991 ni a ti wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀nà náà sì gba ìpínlẹ̀ méjì kọjá. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ ní àṣẹ láti jọ ṣọ́ ọ, kí àwọn ọmọ ìlú tí ó fẹ́ ṣe é láìgba owó oṣù sì rí àyè, bí ó ti rí ní 1977. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò ní Ìlódè, kí ẹ kọ́kọ́ bi í bí yóò gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá. Bí ó bá ń fà á mọ́ ẹnu, kí ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.