ONÍLÉ, Ẹ BI ILẸ̀ LÉÈRÈ KÍ Ẹ TÓ GBẸ́ SÓKÀWÉÈ!

Ọ̀pọ̀ lándílọ́ọ̀dù ló jẹ́ pé bíríkìlà ni wọ́n ń bi níbi tí wọn yóò gbẹ́ sókàwéè sí. Bíríkìlà á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní: "Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì yẹn náà ti dáa, Alàgbà." Ó parí! Kò sẹ́ni tó bi ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ló máa gbé omi ẹlẹ́gbin náà mì, kì í ṣe bíríkìlà.

Ilẹ̀ ò rí bákan náà o. Yanrìn Lẹ́kí àti Ajah, ẹ da korobá omi kan sí i, kíá ló ti lọ. Amọ̀ ní tiẹ̀, ahun ni: ó ń gba omi pamọ́ sínú, kì í sì í fẹ́ kó kọjá. Ará Faransé kan, Henry Darcy, ló fi ìṣirò mú ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú Dijon. Ó kó yanrìn sínú páìpù irin, ó ń da omi gba inú rẹ̀, ó ń wọn èyí tó jáde. Ní 1856 ló tẹ èsì rẹ̀ jáde: bí yanrìn bá ṣe nípọn sí ni omi ṣe ń falẹ̀ sí, yanrìn kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Tilé ńkọ́? Kò gba ẹ̀rọ. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó ínǹṣì 12 níbi tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ pọnmi kún un, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú kí ilẹ̀ lè yó, torí ilẹ̀ gbígbẹ a máa tanni jẹ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún bu omi sí i, ẹ ki igi tí ẹ ti fàlà ínǹṣì sí bọ̀ ọ́, kí ẹ wo aago. Ìwé ìlànà iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ti 1967 ní bí omi bá lò ju ìṣẹ́jú 30 lọ kó tó wálẹ̀ ní ínǹṣì kan, ilẹ̀ yẹn ò gba sókàwéè oníkòtò. Ẹni tó bá fi agídí gbẹ́ ẹ, nígbà òjò, àgbàlá rẹ̀ ni ìdọ̀tí yóò ti máa léfòó.

Èyí tó yára jù ńkọ́? Òun ló burú jù! Inú onílé ń dùn pé sókàwéè òun kì í kún, kò mọ̀ pé kànga ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ. Omi tó ń sáré kò dúró kí ilẹ̀ sẹ́ ẹ. Ìyá á pọn omi tó mọ́ gaara lójú, onígbáméjì ló ń bù fọ́mọ mu.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìlera fi ní kí mítà 30 wà láàárín kànga àti kòtò ìdọ̀tí, kí ìsàlẹ̀ kòtò sì fi mítà kan àtààbọ̀ ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Àmọ́ pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ò ju mítà 18 sí 36 lọ. Ẹni tó ra hááfù pulọ́ọ̀tì ńkọ́?

Nítorí náà, kí onílé tó gbẹ́ kòtò, kó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, kó bi í pé: "Níbo ni kànga yín wà?" Fẹ́ǹsì ń dá olè dúró, kò dá omi dúró.