Ẹni Tí Ó Pe Àlejò Ni Kí Ó Ṣí Ilẹ̀kùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí àlejò bá kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, onílé ni ayé ń bá wí, nítorí onílé ni ó mọ ibi tí òkúta wà àti ibi tí kòtò wà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò jiyàn ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ké sí onímọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n sì ń fi wọ́n yangàn láàárín ẹgbẹ́, ń ṣe bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ọ rí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti físà.

Lójú irú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, bí olórí ẹ̀ka bá ti buwọ́ lu ìwé ìpè, iṣẹ́ ti parí. Ó ku àlejò, ó ku ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba. Àṣìṣe gbáà ni. Ìwé ìpè kì í ṣe físà, kò tilẹ̀ tó láti fi tọrọ físà. Onímọ̀ tí yóò gba físà J-1, èyí tí ó wà fún pàṣípààrọ̀ onímọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìwé kan lọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní DS-2019. Ta ni ó ń fún un ní ìwé náà? Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba. Yunifásítì tí ó pè é, tàbí àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ni. Bí ó bá jẹ́ yunifásítì ni, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ni yóò ṣàlàyé ohun tí àlejò ń bọ̀ wá ṣe, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, owó tí yóò fi gbé ara rẹ̀ àti ibi tí owó náà ti ń wá, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni onímọ̀ yóò tó lè sanwó, tí yóò sì tó gba ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ní ọdún 2025, dọ́là 220 ni owó ìforúkọsílẹ̀ SEVIS, dọ́là 185 sì ni owó ìbéèrè físà. Owó kékeré kọ́ ni èyí lápò olùkọ́ Nàìjíríà. Bí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ bá fi oṣù mẹ́ta sùn lórí ìwé tirẹ̀, oṣù mẹ́ta ni ó jí nínú àkókò ẹlòmíràn.

Ìlọ́ra nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Àìbìkítà náà wà níbẹ̀. Abẹ́ J-1 kan náà ni oríṣiríṣi ọ̀wọ́ wà. Ọ̀wọ́ onímọ̀ ìgbà díẹ̀ kò gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ, a kò sì lè sún un síwájú. Ọ̀wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n àti olùṣèwádìí lè tó ọdún 5. Ṣùgbọ́n bí ètò náà bá ti parí, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn oṣù 4 péré, onítọ̀hún kò lè padà wá lábẹ́ ọ̀wọ́ yẹn títí oṣù 24 yóò fi pé. Ẹ wá wo ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kí olùkọ́ Yorùbá kan wá kọ́ni fún sáà kan lọ́dún yìí, kí ó sì padà wá lọ́dún tí ń bọ̀ láti bá wọn ṣe ìwé atúmọ̀ èdè fún ọdún méjì. Bí wọ́n bá fi í sí ọ̀wọ́ olùṣèwádìí fún sáà àkọ́kọ́, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ kejì. Ọ̀wọ́ onímọ̀ ìgbà díẹ̀ kì bá tí dè é lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo, tí a bá bi í lásìkò, ni ì bá gba gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ọdún méjì. Ẹni tí owó ìjọba bá gbé lọ lábẹ́ J-1 gbọ́dọ̀ padà sí ìlú rẹ̀ fún ọdún méjì kí ó tó lè gba físà iṣẹ́ H-1B tàbí ìwé ìgbélùú. Ètò Fulbright ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olùkọ́ láti Nàìjíríà lọ kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní èdè Yorùbá àti Haúsá, òfin yìí sì kàn wọ́n. Òfin náà kò burú. Ilé ni ó ní kí wọ́n mú ìmọ̀ náà bọ̀. Ohun tí ó burú ni kí ọ̀dọ́ olùkọ́ má gbọ́ nípa rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹlòmíràn fún un ní iṣẹ́, tí kò sì lè gbà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo ọdún 2025. Ní ọjọ́ 8, oṣù Keje, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀pọ̀ físà ìbẹ̀wò àti ti ẹ̀kọ́ fún ọmọ Nàìjíríà yóò di ti oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n gbé dọ́là 100,000 lé ìbéèrè tuntun fún H-1B àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ìkéde mìíràn jáde pé láti ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2026, wọn yóò dá físà J-1 dúró fún ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti àbẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ìkéde náà kò gba físà tí ó ti wà lọ́wọ́ ẹni tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Onímọ̀ tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí ní oṣù Karùn-ún ní àǹfààní àtiwọlé. Èyí tí tirẹ̀ kọ̀wé ní oṣù Kọkànlá bá ilẹ̀kùn ní títì. Ìmọ̀ wọn lè dọ́gba; ìmúra onílé ni kò dọ́gba. Àìtètè mú olè, olè mú olóko.

Àwọn kan yóò dáhùn pé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ìjọba, kò sì lè dá òfin dúró. Òótọ́ ni. Àgbẹ̀ náà kò ni òjò, síbẹ̀ ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó kọ ebè. Àwọn mìíràn yóò ní ọ́fíìsì tí ń bójú tó àlejò wà ní yunifásítì. Ọ́fíìsì náà mọ òfin, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ tí onímọ̀ ń bọ̀ wá ṣe, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tún fẹ́ pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ó mọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ sọ.

Nítorí náà, ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ dárúkọ àlejò ní ìpàdé ni kí ìmúra físà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí a bá tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ètò. Kí a yan ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà yóò wà lọ́rùn rẹ̀. Kí a bi àlejò bóyá ó ti lo J-1 rí, bóyá ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ yóò bá a lọ, nítorí olúkúlùkù wọn ni yóò ní DS-2019 tirẹ̀. Kí a sì ní ètò kejì: bí ilẹ̀kùn bá tì, kí kíláàsì máa lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí àwọn ará ọ̀hún gbéra wá sí Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, níbi tí èdè náà wà.

Àlejò náà kò gbọdọ̀ tijú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ilẹ̀ yìí ka bíbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó pe ni sí àfojúdi. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí ó béèrè ọ̀wọ́ tí wọ́n fẹ́ fi òun sí, ìdí rẹ̀, àti ọjọ́ tí ìwé yóò tẹ òun lọ́wọ́. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí kò tíì ṣe tán láti gba àlejò. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.