ORÚKỌ TI YÍ PADÀ, ÌWÀ Ń KỌ́?



Àwọn ọmọ wa ń lọ sí kóòtù láti yí orúkọ padà. Ifádáre ti di Jésùdáre, Ògúnlékè ti di Olúlékè. N ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ ṣé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà ti yí padà?

Ní Bábílónì, wọ́n fi orúkọ òrìṣà ọba sọ Dáníẹ́lì ní Bẹlitéṣásárì. Ẹ ka Dáníẹ́lì 4:8. Síbẹ̀, kò yéé gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kìnnìún ò sì rí i jẹ.

2 Kọ́ríńtì 5:17 ló sọ ẹni tí a jẹ́ nínú Kristi: ẹ̀dá tuntun ni wá. Ẹ̀dá tuntun kì í fi kọ́ńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú wọn gàrí fún oníbàárà. Kì í fi oògùn pamọ́ sábẹ́ Bíbélì.

Ìwọ tó o yí orúkọ tán, tí o ò wá kí bàbá tó sọ ọ́ lórúkọ mọ́, tó o ń pè é ní abọ̀rìṣà, Éfésù 6:2 ń bá ọ wí o!

Bó bá wù ọ́, máa jẹ́ Jésùdáre. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ rí Jésù lára rẹ.

Olúwa á ràn wá lọ́wọ́. Ẹ ṣe Àmín tó lágbára!