Ọ̀bẹ Tí Kò Mú Ló Ń Gé Ọwọ́

Ní Iléyá tó kọjá, nígbà tí wọ́n ti bó àgbò tán, tí ẹran ti wọ ilé ìdáná, ọmọ àbúrò mi obìnrin jókòó ti ọpọ́n, ó ń gé ẹran itan. Ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Ó tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. Ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, ni ọ̀bẹ bá yọ̀ lórí iṣan, ó sì ya àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà ni a ti ṣe ọdún lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ojú mẹ́fà ni wọ́n rán an. Gbogbo ilé ń bú ọ̀bẹ pé ó mú jù. Irọ́ ni! Ìbá mú ni, kì bá tí yọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé irin ìpọ́nbẹ wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni kò mú un jáde rí. Ẹ ti rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ alápatà: ọ̀pá irin róbótó tó ní èkù bíi ti ọ̀bẹ.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé irin yìí ń họ ojú ọ̀bẹ bí òkúta ti ń họ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ojú ọ̀bẹ tín-ín-rín púpọ̀. Bí a ti ń gé nǹkan lórí pákó, tí ó ń kan eegun, ṣe ni ó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí etí ìwé ọmọ iléèwé tó ti ká. Ojú náà kò tíì jẹ tán, kò kàn dojú kọ ẹran mọ́ ni. Irin ló ń gbé e nàró padà. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti jẹ tán pátápátá, ẹ máa fi irin pa á títí di àṣálẹ́, kò ní mú. Òkúta ló kù. Nítorí náà, irin ni ti ojoojúmọ́, òkúta ni ti ìgbà dé ìgbà.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo gígùn rẹ̀ ṣáájú. Ọ̀bẹ oní-ínǹṣì 8 ń fẹ́ irin oní-ínǹṣì 10 ó kéré tán. Kí irin le ju ọ̀bẹ lọ, kí ìlà ara rẹ̀ sì wẹ́. Èyí tí ìlà rẹ̀ rí gánnagànna ń ya ojú ọ̀bẹ jẹ ni. Ẹ wo ìdí èkù pẹ̀lú, kí ohun ìdábùú tó ń dáàbò bo ọwọ́ wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi dáyámọ́ńdì kùn ń jẹ irin ọ̀bẹ gan-an, ẹ má lò ó lójoojúmọ́. Ọ̀bẹ Sheffield àti ti Solingen ní Jámánì bá irin onílà mu. Ti àwọn ará Jàpáànì sábà máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ, irin onílà sì lè mú kí ojú wọn ké. Ọ̀pá tánńganran ló yẹ wọ́n, bí ẹ kò bá ní jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ fọ́.

Ẹ ká aṣọ sórí tábìlì, kí ẹ gbé orí irin náà lé e, kó dúró ṣánṣán. Ẹ ṣẹ́ igun ìwé kan sí méjì, kí ẹ tún ṣẹ́ ẹ sí méjì; bí igun tó kù náà ti fẹ̀ tó ni kí ọ̀bẹ yà sí irin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀bẹ lókè, kí ẹ máa fà á wá sílẹ̀ títí dé ṣóńṣó rẹ̀, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan. Márùn-ún márùn-ún ti tó. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, bí ẹni ń fi bọ́tà ra búrẹ́dì ni. Alápatà ń ṣe tirẹ̀ lófuurufú ṣaṣaṣa. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ nu ọ̀bẹ, nítorí ẹ̀rúnrún irin, kí ẹ wá dán an wò lára tòmátì, kì í ṣe lára àtàǹpàkò. Ọ̀bẹ búrẹ́dì eléyín kò gbọdọ̀ dé ìdí irin yìí.

Ẹ sọ fún bàálé yín náà. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pàṣẹ pé kí ẹni tí yóò pa ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, kí ẹran má bàa jìyà. Ẹ̀yìn ilé ni kí ó ti pọ́n ọn, kì í ṣe lójú àgbò.

Ọwọ́ ọmọ àbúrò mi ti jinná. Òun ló ń pọ́n ọ̀bẹ nílé wọn báyìí, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan irin náà.