Ọ̀nà Tí Kùsà Là Sínú Igbó, Ta Ni Yóò Dí I?

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tí ń gbé Òkè Ọya,

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti òkú sísin. Ọ̀rọ̀ igbó ìjọba ni. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ni ó kan oníṣòwò nínú igbó?" Ó kàn wá púpọ̀. Igi tí a fi ń dáná, irú tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé, òrí tí à ń kó lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, oyin, ewé àti egbò, inú igbó ni gbogbo wọn ti ń wá.

Àwa tí a wà ní Jos kò lè bú kùsà. Tin tí àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí wà ní ilẹ̀ yìí ní nǹkan bí 120 ọdún sẹ́yìn ni ó mú kí ọkọ̀ ojú irin dé Bukuru ní 1914, ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa sì bá ọ̀nà náà wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn kòtò tí omi kún láti Bukuru dé Barkin Ladi. Àwọn tí ó gbẹ́ wọn ti lọ, kòtò kò lọ.

Nísinsìnyí lítíọ́mù, tí a fi ń ṣe bátìrì, ni wọ́n ń wá kiri nísàlẹ̀ òkè, ní ìhà Nasarawa. Ẹni tí ó bá fẹ́ lu ilẹ̀ wò bóyá kùsà wà níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ àtiwádìí ilẹ̀ láti Abuja. Òfin 2007 fún un ní ọdún 3 lákọ̀ọ́kọ́. Láàárín àkókò yìí ni ẹ̀rọ tí ń lu ilẹ̀ yóò wọ inú igbó. Ihò tí ó ń lu kò fẹ̀ ju ẹnu abọ́ kékeré lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà wúwo, kò lè gba ọ̀nà ẹsẹ̀. Katapílà ni yóò la ọ̀nà fún un, yóò tún ṣán ibi tí yóò dúró sí, wọn yóò sì gbẹ́ kòtò fún omi ẹrẹ̀ rẹ̀. Nígbà púpọ̀, wọn kì í rí ohun tí wọ́n ń wá. Wọn a kó ẹ̀rọ wọn lọ. Ọ̀nà a dúró.

Ọ̀nà yìí ni ẹjọ́ wa. Kí ó tó dé, ẹrù orí ni ènìyàn ń gbé jáde, orí kì í sì í ru igbó tán. Nígbà tí ọ̀nà dé, lọ́rì dé, ẹ̀rọ agégi dé, àwọn tí ń sun èédú sì tẹ̀ lé wọn. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà tí wọ́n là sí ẹ̀gbẹ́ òkè a di ọ̀gbun, iyanrìn rẹ̀ a sì ya lu odò tí àwọn obìnrin ti ń pọn omi. Níbi tí ó bá gé ọ̀nà màlúù kọjá, màlúù a yà sínú oko, ìjà a sì dé. Àwa tí a rí Jos ní 2001 mọ ohun tí ìjà jẹ́. A kò wí pé kùsà ni ó fa ti ọdún náà. Ohun tí à ń wí ni pé iná ìjà kì í béèrè bí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ́ ti onílé tàbí ti àlejò.

Ta ni kí a wá mú? Abẹ́ Gómìnà ni òfin 1978 fi ilẹ̀ sí. Ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ohun tí ó wà nínú ilẹ̀. Abuja ni ó fúnni níwèé, ìpínlẹ̀ ni ó ni asọ́gbó. Lóòótọ́, òfin 2007 wí pé kí ẹni tí yóò wa kùsà bá àwọn ará àdúgbò ṣe àdéhùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gba ìwé àtiwà á ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Ẹni tí ó ṣì ń lu ilẹ̀ wò kò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nígbà lílu náà gan-an ni ọ̀nà ń là.

Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Ta ni ń ra èédú náà? Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, èédú pọ̀ lọ́jà, inú wa dùn, lọ́rì àwọn ènìyàn wa sì wà nínú àwọn tí ó kó o. Nígbà tí irú wọ́n, a bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn. Àwọn obìnrin abúlé sọ fún wa pé igi igbá tí àwọn ń ká ni ó di èédú wa.

Nítorí náà, a dá àbá wọ̀nyí. Kí katapílà tó wọ igbó, kí a fi ibi tí ọ̀nà yóò gbà han baálẹ̀ abúlé, asọ́gbó àti Ardo àwọn Fúlàní. Níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, kí igi ìdábùú wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tí yóò ṣọ́ ọ sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ, kí wọ́n dí ihò, kí wọ́n kún kòtò ẹrẹ̀, kí wọ́n dí ọ̀nà, kí wọ́n sì gbin igi sí i, kí ẹnikẹ́ni tó tún fún wọn níwèé míràn. Ní ti àwa, kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan má ṣe fi lọ́rì rẹ̀ kó èédú igbó ìjọba mọ́.

Àwọn àgbà kan wí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò. A gbọ́, a sì bọ̀wọ̀ fún wọn. A kò ní ṣáájú onílé sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a óò dúró sí. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó rí iná lórí òrùlé onílé tí ó sì dákẹ́, inú ilé wo ni yóò sùn lálẹ́? Ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀, kí a yan àwọn tí yóò tọ baálẹ̀ lọ.

Àwa ni ti yín,
Akọ̀wé Ẹ̀ka.