Ta Ni Ó Ń Bọ́ Erin Ilẹ̀ Adúláwọ̀?

Ọwọ́ tí ń fúnni ní í wà lókè, ọwọ́ tí ń gbà ní í wà nísàlẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀yin olùkàwé wa rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ pé àwọn ará òkè òkun fi owó ràn wá lọ́wọ́ láti dáàbò bo erin, kìnnìún àti ìnàkí ilẹ̀ wa. Ìrànlọ́wọ́ dára, a kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń san owó aṣọ́gbó ni yóò máa pàṣẹ fún un.

Ọ̀nà mẹ́ta ni púpọ̀ nínú owó náà ń gbà wọlé. Èkíní ni ti àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ní Rùwáńdà, láti ọdún 2017, 1,500 dọ́là ni àlejò ń san kí ó tó lè wo ìnàkí fún wákàtí kan. 750 ni tẹ́lẹ̀. Èkejì ni ti àwọn ọdẹ ọlọ́rọ̀ tí ń ti òkè òkun wá pa ẹran ńlá. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀bùn àwọn ìjọba àjèjì àti àwọn olówó ayé.

Kí ni ojú wa ti rí? Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà dé, àlejò kò wá mọ́, àpò àwọn igbó náà sì gbẹ. Ní Sìmbábúè, ètò CAMPFIRE ti ń fún àwọn ará ìgbèríko ní ìpín nínú owó ọdẹ láti ọdún 1989. Ní ọdún 2014, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ọmọ ilẹ̀ òun kò gbọdọ̀ gbé eyín erin tí ó pa níbẹ̀ wálé mọ́. Ìwé kan láti Washington, owó ìgbèríko sì dínkù! Ní ọdún 2025, ìjọba kan náà ti ilé-iṣẹ́ USAID pa, èyí tí ó ti ń náwó sí igbó Kóńgò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣé ohun tí a lè jogún fún ọmọ wa nìyí?

Síbẹ̀, kì í ṣe Òyìnbó ni ó ń bọ́ erin. Àgbẹ̀ ni. Òun ni erin ń jẹ àgbàdo rẹ̀ mọ́jú. Òun náà ni a máa ń lé kúrò nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìjọba amúnisìn ti ṣí àwọn Màsáì kúrò ní Serengeti ní ọdún 1959. Ẹni tí ó ń san owó tí ó wúwo jù lọ ni a kì í pè síbi ìpín.

Àwọn kan ti ń tún un ṣe. Ní ọdún 2017, Rùwáńdà sọ ìpín àwọn ará abúlé nínú owó àlejò di ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, láti ìdá márùn-ún. Ní ọdún 1996, Nàmíbíà ṣe òfin tí ó fún àwọn ará ìgbèríko ní ẹ̀tọ́ lórí ẹran ilẹ̀ wọn.

Ẹnìkan lè wí pé: ilé ìwòsàn kò tó, a ó ha náwó sí ẹranko? Ẹ wo igbó Ọ̀yọ́ Ilé tí a sọ di ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1991. Ahoro ààfin àwọn baba wa wà nínú rẹ̀. Odò Ògùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, omi odò yìí kan náà sì ni Abẹ́òkúta àti Èkó ń mu. Ẹni tí ó ṣọ́ igbó, omi ni ó ṣọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Kí ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Adúláwọ̀ ya owó tirẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún igbó rẹ̀, kí ẹ̀bùn àjèjì jẹ́ ìfikún lásán. Kí òfin fi ìpín àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá igbó pààlà sí iwájú. Kí a sì máa ka ìṣirò owó náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ bi aṣojú yín nígbà tí ó bá wá tọrọ ìbò: èló ni ti igbó, èló sì ni tiwa? Ẹni tí kò náwó sí ogún baba rẹ̀, àlejò ni yóò bá a pín in.