Ta Ló Yọ Tẹmosítààtì Ọkọ̀ Yín?

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìmàṣàyí níbí tó ń fi mọ́tò gbé èrò lọ sí Ayétòrò. Mọ́tò náà ti gbó, ṣùgbọ́n òun ló fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Lítà bẹntiróò tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di 617 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi kí oṣù keje ọdún náà tó parí. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ibi púpọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń gba owó lọ́wọ́ èrò, ó ń kó o fún alépo, kò rí èrè kankan mú lọ sílé. Ó ní mọ́tò òun ti di ọ̀mùtí. Ó tà á ní owó pọ́ọ́kú.

Ẹni tó rà á kò ṣe ju nǹkan méjì lọ. Ó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ó sì ra ohun kékeré kan tí kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ, ó ní kí wọ́n fi sí ẹnu ọ̀nà omi ẹ́ńjìnì. Títí di òní, mọ́tò yẹn ń gbé èrò kọjá níwájú ilé ọ̀rẹ́ mi. Òun náà ń wò ó láti ojú fèrèsé.

Ohun kékeré yìí là ń pè ní tẹmosítààtì. Òun ni mo torí ẹ̀ wá bá yín jà lónìí, ẹ̀yin mẹkáníìkì, àti ẹ̀yin tí ẹ ni mọ́tò pẹ̀lú.

A ń bú ìjọba nítorí epo. N kò ní kí ẹ má bú wọn. Àwa tí a sún mọ́ ibodè mọ èyí tí ojú wa rí ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ já epo sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ìwọ̀nba epo tó ráyè wọ táǹkì wa, ta ló ní kí a máa dà á nù?

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Mọ́tò gbóná lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Ẹ wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ó tú ẹnu rọ́bà omi, ó yọ tẹmosítààtì, ó sọ ọ́ sínú koríko. "Ọ̀gá, àwọn òyìnbó ló ń lo ìyẹn nítorí òtútù. Ilẹ̀ tiwa gbóná." Ẹ dúpẹ́, ẹ tún fún un lówó ọtí.

Èmi náà ti dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún méjì gbáko ni abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ti gbóná tó fi sùn sílẹ̀ nínú mọ́tò mi. Mo sì ń fi yangàn láàárín ẹgbẹ́: "Tèmi kì í gbóná o!" N kò mọ̀ pé àìsàn ni mo ń fi yangàn.

Ẹ́ńjìnì kò fẹ́ tutù. Ó fẹ́ gbóná níwọ̀nba. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ìgbà tí omi bá gbóná tó ìwọ̀n 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni tẹmosítààtì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn. Ìda ló wà nínú ife bàbà kékeré kan láàárín rẹ̀. Bí ooru bá mú ìda yẹn, á yọ́, á wú, á ti ilẹ̀kùn, omi á sì ráyè lọ tutù nínú rédíétọ̀. Bí omi bá tutù jù, ilẹ̀kùn á padà dé. Aṣọ́nà tí kì í sùn ni.

Wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná. Oòrùn Ìmàṣàyí nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an kì í sábà tó ìwọ̀n 40. Ṣé 40 àti 90 wá di ọgbọọgba ni? Mọ́tò tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Sáúdì, níbi tí oòrùn ti ń kọjá 45, tẹmosítààtì wà nínú rẹ̀. Volkswagen ìjàpá ayé ọjọ́un tí kò lo omi rárá pàápàá ní tẹmosítààtì tirẹ̀, tó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà títí ẹ́ńjìnì yóò fi móoru. Ta ló wá ní nítorí òtútù òyìnbó nìkan ni?

Bí ẹ bá yọ ọ́, omi á máa sáré lọ sí rédíétọ̀ láìdúró, ẹ́ńjìnì kò sì ní móoru tó bó ṣe yẹ. Bí mọ́tò bá jẹ́ ti kabúrétọ̀, epo kò ní yọ dáadáa, òmíràn á ṣàn lọ bá ọ́ìlì. Bí ó bá jẹ́ ti ìgbàlódé, sẹ́ńsọ̀ á máa sọ fún bíréènì bọ́ọ̀sì pé, "Òtútù ń mú wa o," ìyẹn á sì máa tú epo kún epo. Ẹ rántí ṣóòkì tí a máa ń fà láàárọ̀ nígbà kan. Ẹ wá wo ẹni tó fa ṣóòkì láti Ìmàṣàyí dé Abẹ́òkúta! Ọ́ìlì á ki, omi tó yẹ kó gbẹ á dúró sínú rẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì máa jẹ ara rẹ̀. Bí ẹni tó ṣí ìkòkò ẹ̀wà sílẹ̀ lórí iná ni: igi ń jó, ẹ̀wà kò jinná, ó wá ń bú onígi.

Mẹkáníìkì á ní, "Bí a bá fi sí i, mọ́tò á tún gbóná." Ó dáa. Àìsàn wà níbòmíràn nìyẹn. Ṣé ẹ kò ti fi omi kànga dípò kúláǹtì títí ìpẹtà fi dí rédíétọ̀? Ṣé fáànù ń yí? Ṣé ìdérí rédíétọ̀ ṣì le? Lóòótọ́, tẹmosítààtì lè há, èyí tó bá sì há pa lè ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Ẹ ra tuntun. Bí ilẹ̀kùn ilé bá há, ṣé ẹ ó yọ ọ́ dànù kí ẹ máa sùn ní gbangba? Àwọn mọ́tò kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá yọ ọ́, omi á gba ọ̀nà ẹ̀bùrú láìdé rédíétọ̀, wọ́n á wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ fi okùn so tẹmosítààtì kọ́ sínú ìkòkò omi, kí ẹ dáná sí i. Èyí tó dára á ṣí kí omi tó hó. Ẹ yọ ọ́ síta, á padà dé. Àyẹ̀wò tí ọmọ iléèwé lè ṣe rèé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò ṣe é rí.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé àwa kan náà la ń sáré ra oògùn tó ń dín epo kù: hóró tí a ń sọ sínú táǹkì, mágínẹ́ẹ̀tì tí a ń so mọ́ páìpù. Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ti yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò ju 100 lọ, díẹ̀ péré ló ṣe ànfààní kankan. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé àtúnṣe àbùkù ńlá, bíi sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn tó ti kú, lè mú kí epo gbé mọ́tò lọ jìnnà sí i tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe oògùn nìyẹn. Títún ohun tó bàjẹ́ ṣe ni.

Mo fi tẹmosítààtì tuntun sí tèmi. Mo fa epo kún táǹkì, mo kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀, mo rìn, mo tún fa epo kún un, mo sì pín in. Lítà 10 tí kì í gbé mi lọ sí Abẹ́òkúta bọ̀ tẹ́lẹ̀ ń gbé mi lọ bọ̀ báyìí, ó sì ń ṣẹ́ kù.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ fi ohun tí ẹ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ẹ bá a. Ẹ̀yin onímọ́tò, bí abẹ́rẹ́ yín kò bá gbéra nílẹ̀ lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan, ẹ má yangàn. Ẹ béèrè pé, "Tẹmosítààtì mi dà?" Ẹ béèrè kí ẹ tó ta mọ́tò tó ń bọ́ yín, kí ẹ má baà di ẹni tó ń wò ó láti ojú fèrèsé.